Iṣu Tí Kò Hu Ní Ìkòròdú

Kútọnù ni wọ́n ń pè mí ní Ìkòròdú kí wọ́n tó mọ orúkọ mi. N kò sùn ní Kútọnù rí láyé mi. Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n bí mi sí, lókè lọ́hùn-ún, níbi tó jẹ́ pé bí àwa náà bá fẹ́ rí Kútọnù, a ó jókòó sínú ọkọ̀ títí ìdí yóò fi kú. Ṣùgbọ́n lójú ará Ìkòròdú, ẹnikẹ́ni tó bá ti òdìkejì bọ́dà wá, Kútọnù ni. "Ìyá Kútọnù, èló niṣu yín?" Níbẹ̀rẹ̀, mo máa ń dúró ṣàlàyé ilé wa fún wọn, bí a ṣe jẹ́ àti ọba tó ń jẹ níbẹ̀. Kí n tó parí, oníbàárà ti ra iṣu lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ni mo bá ń jẹ́ orúkọ náà. Orúkọ tí kò bá ti lé oníbàárà, orúkọ gidi ni.

Ìyá mi ti fi mí lọ́kàn balẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Ó ní, "Kì í ṣe ìlú òyìnbó lò ń lọ. Yorùbá ni wọ́n, Yorùbá ni wá." Òótọ́ ló sọ, àfi pé ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ọ́ fún àwọn ará Ìkòròdú. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kí obìnrin kan bí a ṣe ń kí ara wa nílé, ó di òpó ìsọ̀ rẹ̀ mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá pe ẹnìkejì rẹ̀ pé kó wá gbọ́. Mo tún un kí. Mo ti rí i pé bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín tán, wọ́n máa ń ra iṣu. Tiwọn náà ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọmọ bíbí Ìkòròdú yóò fi Yorùbá Èkó bá mi ná ọjà, yóò máa wọ́n gẹ̀ẹ́sì sí i bí ẹni ń wọ́n iyọ̀, ṣùgbọ́n tí inú bá bí i, kíá ló ń padà sínú Ìjẹ̀bú, èmi á sì máa wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo sinimá.

Omi náà tún wà níbẹ̀. Omi tí mo mọ̀ nílé, èèyàn ló ń wá a kiri. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbé iṣu dé Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, tí mo rí ọ̀sà, mo dúró, ẹrù lórí. Omi tí n kò rí òpin rẹ̀, tó tẹ́ sílẹ̀ lọ láìsí ẹni tó pọn ọ́n. Obìnrin ẹlẹ́ja kan ní, "Ìyá, ẹ kúrò lójú ọ̀nà, kò ní sá lọ." Níbẹ̀ náà ni mo ti kọ́kọ́ rí i tí wọ́n ń rin iṣu. Nílé wa, à ń gún iṣu, à ń sè é, à ń sun ún. Bí ìyàwó ilé bá rin iṣu, wọn á ránṣẹ́ pe àwọn òbí rẹ̀. Níhìn-ín, wọ́n rin ewùrà bí ẹni ń rin ẹ̀gẹ́, wọ́n sè é pọ̀ mọ́ ẹja àti ata, wọ́n ní ìkọ́kọrẹ́ ni. Mo fi àánú jẹ ṣíbí kan. Mo fi ojúkòkòrò jẹ èyí tó kù.

Ẹ̀rín ọjà kì í bá èèyàn délé. Ilé oníyàrá mẹ́wàá ni mo háyà yàrá kan sí, ará Ọ̀yọ́ àti ará Ọ̀ṣun ló kún ibẹ̀. Tí Iléyá bá dé, kálukú á di ẹrù, wọn á lọ sílé, wọn á sì kó kọ́kọ́rọ́ wọn lé mi lọ́wọ́ nítorí pé ilé tèmi jìn. Mo ti rí ọdún Iléyá tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ mẹ́sàn-án ni mo so mọ́ ìdí ìró, tí n kò sì rí ẹni tí màá fún ní ẹran. Wọ́n fọkàn tán mi, òótọ́ ni. A sì máa ń fọkàn tán ọlọ́dẹ pẹ̀lú.

Ìyá mi máa ń pè mí lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀.

"Ṣé wọ́n ń kí ọ níbẹ̀?"

"Wọ́n ń kí mi, Màmá."

"Ta ló ń kí ọ?"

"Àwọn kọ́sítọ́mà."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ẹni tó ń ra iṣu. Mo ní ta ló ń kí ọ?"

Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ti ń lọ. Mo pa fóònù náà fúnra mi.

Iṣu ni ìṣòro mi gan-an. Ẹni tó ń ta bàtà, bàtà rẹ̀ kò ní dédé bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Iṣu ńkọ́? Ohun ẹlẹ́mìí ni. Bí a bá wà á tán, yóò sùn fún bí oṣù mélòó kan. Kí òjò àkọ́kọ́ tó já, ó ti jí, ó ti ń wá oòrùn. Kò nílò ilẹ̀ kó tó hu. Orí pákó ìsọ̀ ló ti ń hu, ara rẹ̀ ló sì ń jẹ dàgbà. O ṣẹ́ ẹ lórí, ó yọ nídìí. O ṣẹ́ ẹ nídìí, ó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò ní pẹ́ tí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó, ìtọ́wò rẹ̀ á yí padà. Lọ́dún kan báyìí, ìdajì ìsọ̀ mi ni mo kó dà sí ààtàn. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ó ní, "Iṣẹ́ tí wọ́n dá iṣu fún ló ń ṣe."

Mo ní, "Màmá, orí ọrùn mi ló ti ń ṣe é."

Ibi tí mo ti ń ṣẹ́ orí iṣu nínú àgbàlá ni Bàbá Ìbejì ti bá mi. Ará Ìwó ni, ìyàwó rẹ̀ ló wà ní yàrá kejì sí tèmi. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan là ń rí òun fúnra rẹ̀, nítorí apá Àbújá ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fi ìtànṣán tọ́jú oúnjẹ kó má baà tètè bàjẹ́.

"Ìyá wa, ẹ ò ṣe kó wọn wá sọ́dọ̀ wa, ká mú wọn sùn sí i?"

"Kí lẹ fẹ́ fún wọn, òògùn oorun?"

"A ò ní fún wọn ní nǹkan kan. A ó kàn tàn án sí wọn lára ni."

Mo sọ fún un pé ọkùnrin tí kì í bá ìyàwó rẹ̀ gbé kò sí ohun tí kò lè sọ. Kò bínú. Ó ní apá ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún náà ni lọ́rì ti ń kó iṣu tí mò ń tà bọ̀, kí ló dé tí kò lè yà sọ́dọ̀ wọn? Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wa iṣu tuntun, mo tẹ̀ lé lọ́rì náà. Mo yà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí, àti ohun tí wọn kò jẹ́ kí n rí. Wọ́n kọ́kọ́ da iṣu mi sílẹ̀, wọ́n ń ṣà á. Èyí tí ọkọ́ ti ṣá, èyí tó ti gbọgbẹ́, Bàbá Ìbejì ní kí n mú un padà. Ó ní ohun tó bá ti ń bàjẹ́, ìtànṣán kò lè sọ ọ́ di rere. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gba tiwọn. Lọ́jà wa, ìsàlẹ̀ àpò ni iṣu ọlọ́gbẹ́ máa ń wọ̀. Wọ́n kó èyí tó dá ṣáká sínú àwọn àpótí, wọ́n lẹ bébà kékeré kan mọ́ àpótí kọ̀ọ̀kan lára. Àpótí wọ̀nyẹn ń tò lẹ́sẹẹsẹ lọ sẹ́yìn ògiri kan tó nípọn tó àgbà ọkùnrin tó na gbalaja sílẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí n tẹ̀ lé wọn débẹ̀. Kò sí ẹ̀dá tó ń wọ ibẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. Bàbá Ìbejì wá ṣí fóònù rẹ̀, ó fi fọ́tò hàn mí.

Kànga ni mo rí, kànga onígun mẹ́rin tó jìn ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ. Omi rẹ̀ mọ́ gaara, ó sì ń tàn búlúù láti ìsàlẹ̀ wá. N kò rí irú búlúù bẹ́ẹ̀ lára aṣọ kankan, èmi tí mo mọ aṣọ. Ó ní àwọn ọ̀pá irin kan wà nísàlẹ̀ omi náà, kóbáàtì ni wọ́n ń pè é. Ara irin yẹn ni ìtànṣán ti ń jáde tọ̀sán-tòru, láìsí ẹni tó ń dáná sí i. Tí wọn kò bá lò ó, omi ló ń dì í mú. Tí wọ́n bá fẹ́ lò ó, wọn á gbé e jáde kúrò nínú omi, àpótí á yí i po, wọn á sì tún dá a padà sínú omi.

"Ó wá ń ṣe kí ni?" mo bi í.

"Ẹ ò lè rí i, kì í jóni, kò ní òórùn. Á gba inú iṣu kọjá bí oòrùn ṣe ń gba inú àwọ̀n kọjá. Bó ṣe ń kọjá, ohun tó bá fẹ́ dàgbà ló ń bá jà. Orí iṣu tó fẹ́ hu, ẹyin kòkòrò tó fẹ́ pa, àwọn ló ń mú. Ara iṣu tó ti dàgbà tán, kò ní nǹkan púpọ̀ bá a fà."

"Tó bá kọjá tán, ṣé kì í ṣẹ́ kù sínú rẹ̀?"

"Wọ́n ti ya ẹ́síréè yín rí?"

"Wọ́n yà á. Ẹsẹ̀ ni, nígbà tí ọ̀kadà gbá mi ní Gárééjì Ìkòròdú."

"Tẹ́ ẹ délé, ṣé ẹsẹ̀ yín ń tàn nínú òkùnkùn?"

"Ó ń dùn mí ni."

"Iṣu náà kò ní tàn."

Ó ní ìwọ̀n ló wà nínú gbogbo rẹ̀. Díẹ̀ báyìí ti tó iṣu. Èyí tó ń pa kòkòrò inú ẹ̀wà àti ẹja gbígbẹ ju ìyẹn lọ. Ti ata gbígbẹ, tí wọ́n fẹ́ pa àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí nínú rẹ̀, tún pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá ṣe é kọjá bó ti yẹ, adùn oúnjẹ lè yí padà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ka àsìkò bí ẹni tó gbé ẹyin kaná. Nígbà tí àpótí tèmi jáde lódìkejì, bébà ara rẹ̀ ti yí àwọ̀ padà, ìyẹn ni ẹlẹ́rìí pé ó débẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan iṣu mi. Ó tutù bó ṣe tutù nígbà tó wọlé. Mo gbé e sí imú, erùpẹ̀ ni mo gbọ́. Mo ti rí ẹni tó ń fi iná tọ́jú oúnjẹ, mo ti rí oníyọ̀, mo ti rí ẹni tó ń sá a sóòrùn. Ohun tí kò ṣeé rí, tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, tó wá ń ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù láàárín ìgbà díẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìyẹn. Ẹni tó jókòó tó ronú kàn án, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí irú wọn tán.

Nígbà tí mo fẹ́ wọkọ̀, Bàbá Ìbejì ní, "Ìyá wa, ẹ má gbàgbé o. Iṣu yìí kò ní hu mọ́. Jíjẹ ni, kì í ṣe gbígbìn. Ẹ sọ fún ẹni tó bá rà á."

Mo mi orí pé mo gbọ́. Orí mímì kì í náni ní nǹkan kan.

Dírẹ́bà wa kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán ní Gárééjì tó ti ń ròyìn pé a gbé iṣu lọ sílé bọ́ǹbù. Kí ìròyìn náà tó dé ọ̀dọ̀ àwa oníṣu ní ọjà Sábó, bọ́ǹbù ti bú. Ìyá Bísí, tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi, gba iṣẹ́ ìkìlọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. "Ẹ má ra tọ̀hún, ìfun yín á máa tan iná." Oníbàárà tó ti ń bọ̀ á gbọ́, á yà bàrá. Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní náwó iná mọ́." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọn kò rà.

Alhájà Ràbí ni olórí ẹgbẹ́ wa, ọmọ Ìkòròdú gidi, ọkọ rẹ̀ tó di olóògbé ló jẹ́ ará Èjìnrìn. Kì í pariwo. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé èèyàn á tẹrí sún mọ́ ìyà ara rẹ̀ kó tó gbọ́ ọ. Ó pè mí sí àárín ìpàdé.

"Ẹgbẹ́ ló fún ọ ní ìsọ̀ tó o wà. Ìwọ lọ gbé ohun tá ò mọ̀ wọlé. A ó máa wò ó. Tó bá fi máa di ìpàdé oṣù kẹfà, tó bá ṣe ẹnikẹ́ni, tàbí tó bá jẹ́ ẹ̀tàn, wàá kó ẹrù rẹ kúrò níbẹ̀."

Fún ọmọ onílùú, ìsọ̀ jẹ́ ibi tí èèyàn ti ń tajà. Fún èmi, òun ni ìwé ìgbélùú mi. Bí wọ́n bá gbà á, kò sí ohun tí màá fẹ̀yìn tì nílẹ̀ yìí. Ilé ni màá lọ, kí àwọn ará ilé wá máa fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ tó fẹ́ rìn jìnnà.

Ní ìpàdé yẹn gan-an ló yẹ kí n sọ pé ẹni tó bá gbin iṣu yìí, kò ní hu. Mo wo ojú wọn. Iṣu bọ́ǹbù ni wọ́n ń pè é. Tí mo bá ní kò lè hu mọ́, òkú iṣu ni wọ́n máa pè é, kò sì sí ẹni tó ń jẹ òkú. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó bá ń wá èbù tí yóò gbìn kì í wá a sí Sábó.

Ẹ̀pẹ́ ló kọ́kọ́ yọ mí. Mo gbé díẹ̀ nínú iṣu náà lọ sí Ọjà Olúwo, mo sì sọ bí wọ́n ṣe ṣe é fún ìyá àgbà kan tó ń yan ẹja. Kò sá. Ó ń bi mí léèrè ni.

"Kò ní èéfín?"

"Kò ní, mà."

"Wọn ò fi iyọ̀ sí i?"

"Wọn ò fi sí i."

Ó gbé ojú sókè. Ojú yẹn pọ́n bí ata. "Láti kékeré ni èéfín ti ń yan èmi àti ẹja pọ̀. Ẹni tó bá rí ọ̀nà tí kò ní èéfín, jẹ́ kí n jẹ iṣu rẹ̀." Ó gé ọ̀kan sórí iná níbẹ̀, ó fi ata àti ẹja tuntun jẹ ẹ́, ó fún mi lára rẹ̀. Àwọn tó kù ń wò ó bóyá yóò ṣubú. Ó ní kí wọ́n fún òun lómi, gbogbo wọn dìde. Òùngbẹ lásán ni. Ṣé ẹ rí àwọn tó ti ń bá ìbàjẹ́ jagun láti ìgbà èwe wọn, wọn kì í fojú di ohun ìjà tuntun.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìsọ̀ Ìyá Bísí ti dà bí ọgbà òdòdó. Gbogbo ìlà wa ń ṣẹ́ orí iṣu láti àárọ̀, ọwọ́ wọn dúdú. Tèmi sùn sílẹ̀ kalẹ̀, ara rẹ̀ le koko. Oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ palẹ̀ bọ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lónìí á padà wá lọ́la, inú rẹ̀ kò tan iná.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Súlè alábàárù, àgbà ọkùnrin tó ń bá gbogbo wa ru ẹrù, dúró níwájú mi. Ó ní òun fẹ́ ogójì iṣu, kékeré kékeré, kó sì má ní ojú àpá kankan.

"Ta ló rán ọ?"

"Ẹni tó rán mi ní kí n má sọ."

"Ṣé èèyàn dáadáa ni?"

"Ó le díẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣà á fún un. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Irú iṣu tó ń wá, bí wọ́n tilẹ̀ dì mí lójú, ó yẹ kí n mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ṣùgbọ́n inú mi ń dùn pé ọjà ń yá, ojú ọlọ́jà tínú rẹ̀ ń dùn kì í ríran jìnnà.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí ìpàdé oṣù kẹfà pé, Alhájà Ràbí wọ yàrá mi lẹ́yìn ìrun Alásárì. Òun nìkan ni. Ó pa ilẹ̀kùn dé. Mo kúnlẹ̀.

"Dìde. Iṣu rẹ ò hu."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alhájà. Gbogbo ọjà ló rí i."

"Kì í ṣe ti orí ìsọ̀ ni mò ń sọ."

"Ti ibo ni, mà?"

"Ti inú ebè."

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, erùpẹ̀ oko wà níbẹ̀. Ẹ̀rín ń bọ̀ wá pa mí, mo bá gbójú sókè, mo ń wo àjà. Obìnrin tó ní ká máa wo iṣu bọ́ǹbù bí ẹni ń wo olè, òun ló rán Súlè.

"Rín in," ó ní, "kó lè tán nínú rẹ."

Mo rín in díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé oko ọkọ òun ni, ní Èjìnrìn. Láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti kú, òun ti ṣèlérí pé oko náà kò ní di igbó, ọdọọdún lòun ń wá èbù tó dára jù sí i. Lọ́dún yìí, òun wo gbogbo ọjà, òun kò rí iṣu tí ara rẹ̀ dá ṣáká tó tèmi. "Mo ní irú èyí ló yẹ kí n fi ṣe èbù. Ojú ń tì mí láti bi ọ́."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Ìtìjú tirẹ̀ àti ẹ̀rù tèmi, àwọn méjèèjì ló jọ gbin iṣu náà.

Lọ́jọ́ kejì, a jọ lọ sí Èjìnrìn. Wọ́n kọ ebè rẹ̀ dáadáa, wọ́n tò ó lẹ́sẹẹsẹ títí dé ìtòsí omi, kò sì sí ewé kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Mo fi ọkọ́ tú àkọ́kọ́. Iṣu náà ti rà. Mo tú èkejì. Bí wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀ ló wà, ó ń wò wá.

"Láti ọjọ́ tí a ti gbìn ín," Alhájà ní, "ó kàn jókòó."

"Alhájà, mo mọ̀. Wọ́n sọ fún mi níbi tí wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ní kí n sọ fún ẹni tó bá rà á pé jíjẹ ni, kì í ṣe gbígbìn."

Ọkọ̀ ojú omi kan ń kọjá lọ. Alhájà wò ó títí ó fi lọ.

"O mọ̀, o sì wo ojú wa nípàdé."

"Ojú yín tí mo wò náà ló pa mí lẹ́nu mọ́."

Ó kó àwọn tí kò tíì rà sínú agbọ̀n. Ó ní ọmọ èèyàn ni kò dáa, iṣu kò ṣe nǹkan kan, a ó lọ sè é.

Mo ronú púpọ̀ nígbà tí à ń bọ̀. Àlejò máa ń sọ ìdajì ọ̀rọ̀. Ìdajì tó dùn là ń kó sí orí pákó, a ó fi ìyókù sábẹ́ àpò bí iṣu ọlọ́gbẹ́. Bí mo ṣe ṣe fún ọjà náà ni mo ṣe ń ṣe fún ìyá mi láti ọjọ́ tí mo ti dé. Mo pè é lọ́jọ́ náà, kì í tilẹ̀ ṣe Jímọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ìsọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà, ti kọ́kọ́rọ́ mẹ́sàn-án, ti oko opó tí mo sọ di aṣálẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán.

"Iṣu ò ṣe ọ́ ní nǹkan kan," ó ní. "Ẹnu rẹ ni kò hu. Ebè mélòó ni?"

"Ogójì."

"Òjò ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà."

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, lọ́rì àwọn ará wa gbé èbù tí ìyá mi fi ránṣẹ́ dé, ó fi koríko gbígbẹ wé wọn, kálukú ti yọ orí díẹ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀ láti gbìn, ṣùgbọ́n a gbìn ín. Ebè kan náà. Alhájà ń gbé e kalẹ̀, èmi ń bò ó. Kò dárúkọ ìpàdé, èmi náà kò dárúkọ rẹ̀.

Ìpàdé oṣù kẹfà pé. Ìyá Bísí ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Ká sọ tòótọ́, kò tíì pa ẹnikẹ́ni. Àwa ló ń pa. Tiwa ń hu, tirẹ̀ ò hu, ta ló máa ra tiwa? Ohun tó bá ń ṣe bí iṣu, tí kò hu bí iṣu, ẹ̀tàn ni. Kó máa lọ."

Alhájà yíjú sí mi. "Kí lo ní í sọ?"

Mo dìde. Mo sọ ti ògiri tó nípọn àti omi búlúù, mo sọ ti iṣu ọlọ́gbẹ́ tí wọ́n dá padà. Mo wá sọ ìdajì tí mo gbé mì. "Iṣu yìí kò lè hu, bí ẹ tilẹ̀ gbìn ín. Mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí mo ti kó o dé, n kò sọ. Ẹnìkan rà á lọ́wọ́ mi, ó fi ṣe èbù, ó pàdánù. Èmi ni mo jẹ̀bi."

"Ta lẹni náà?"

"N kò ní dárúkọ rẹ̀."

"Irọ́ ni," Ìyá Bísí ní. "Nínú ìlú yìí, ta ló máa ra iṣu bọ́ǹbù lọ gbìn? Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ṣé orí rẹ̀ pé?"

Alhájà Ràbí fa ìborùn rẹ̀ sókè díẹ̀. "Orí mi pé," ó ní.

Ohùn kékeré yẹn ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò gbọ́. "Èmi ni mo gbìn ín. Súlè ni mo rán. Mo bú u lójú yín, mo lọ rà á lẹ́yìn yín." Súlè tó jókòó lórí àpò lẹ́nu ọ̀nà dìde, ó lọ wá ẹrù tí yóò rù. Ẹnìkan húkọ́ lẹ́yìn. Ẹ̀rín ni, ó ń fi ikọ́ bò ó. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi kárí, Alhájà sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi rín in tán, bó ṣe dúró tì mí.

"Ó dára," ó ní. "Iṣu náà kì í ṣe ẹ̀tàn. Ohun tí wọ́n ní yóò ṣe ló ṣe. Láti òní lọ, ẹni tó bá ń tà á nínú ọjà yìí, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi sọ fún oníbàárà kó tó gba owó pé jíjẹ ni, kì í ṣe gbígbìn. Ẹni tí tirẹ̀ bá ń hu, tó fẹ́ gbé e lọ síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kó lọ bá Ìyá Kútọnù sọ̀rọ̀. Kó sì fi pẹ̀lẹ́ bá a sọ ọ́."

Ìyá Bísí kò tíì fẹ́ jókòó. "Ìtanràn rẹ̀ ńkọ́, Alhájà? Ó kúkú jẹ́wọ́ pé òun jẹ̀bi."

"Ìtanràn wà. Ebè ogójì wà ní Èjìnrìn. Òun ni yóò máa ro ó títí a ó fi wa iṣu."

Mo dorí kodò bí ẹlẹ́bi. Ìyá Bísí ní ìtanràn náà kéré, kí wọ́n fi kún un. Mo gbàdúrà pé kí wọ́n gbọ́ tirẹ̀. Iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, ó di ìgbà tí òjò bá lọ pátápátá kó tó tó wíwà, ìyẹn sì kọjá ìpàdé oṣù kẹfà dáadáa. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ lé kúrò nílùú, wọn kì í fún un ní ebè tí yóò máa ro.